Pátákó Ẹwà

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n kan pátákó kan mọ́ ògiri ilé ní àdúgbò Kofar Rini, ní Sokoto. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìkòkò ẹ̀wà tó yẹ kí gbogbo ilé jẹ lọ́sàn-án ti gbẹ féú.

Ẹwà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ni pátákó náà. Nílé kéú àti níléèwé, Suwaibat ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ló sọ ọ́ ní Ẹwà, nítorí pé nígbà tí wọ́n gbé e fún un, ó ní ojú òun ò rí irú ẹwà bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, Ràfíátù ìyá rẹ̀ àti Kamaldeen ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ń pe orúkọ náà. Ó wu Ẹwà kí gbogbo Kofar Rini máa pè é. Ó mọ̀ ọ́n fi làálì ya òdòdó sọ́wọ́ ọmọge, Iléyá sì ń bọ̀. Ó ní bí òun bá gbé pátákó síta, orúkọ òun á kárí àdúgbò.

Hámzà, àbúrò bàbá rẹ̀, ló bá a kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Sokoto ni wọ́n bí Hámzà sí. Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: EWA TI DE. Bó ṣe fẹ́ kọ làálì sí ìsàlẹ̀, ọ̀dà tán.

Ẹwà jókòó sábẹ́ pátákó. Kò pẹ́ tí àgùnbánirọ̀ kan fi bẹ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tí kò tíì dúró dáadáa. Jọláyẹmí ni, ọmọ Ọ̀yọ́. Èdè Yorùbá ló kà ní yunifásítì. Ìṣirò ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní Sokoto.

"Àbúrò! Ó ti dé lóòótọ́?"

"Ó ti dé, bọ̀dá."

"Ó gbóná?"

Ẹwà fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. "Rárá o. Ara dá."

"Ata ńkọ́?"

"Ata kẹ̀?"

"Èló ni ṣíbí kan?"

"Wayyo Allah!" Ẹwà fò dìde. "Màámi, ẹ wá o! Bọ̀dá kan fẹ́ fi ṣíbí jẹ mí!"

Ràfíátù sáré jáde, òórùn ẹ̀wà tó wà lórí iná sì tẹ̀lé e. Jọláyẹmí dijú, ó fa imú, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyáà mi," ó ní, "mo ti ń wá a láti ìgbà ọyẹ́."

Ẹwà wo pátákó, ó wo omijé, ó wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ jókòó, bọ̀dá. Ó ti dé."

Kí Jọláyẹmí tó lá abọ́ rẹ̀ tán, ó ti fóònù àwọn àgùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ya dé bí eéṣú. Ọ̀kan wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, òmíràn di irun dé ìdajì orí. Kamaldeen ti pápá bọ́ọ̀lù dé.

"Oúnjẹ mi dà?"

"A ti tà á," ni Ẹwà dáhùn.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó ku èyí tó jóná nísàlẹ̀. Bọ̀dá tó kọ́kọ́ dé yẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́."

Nígbà tí Jọláyẹmí yó tán ló tó gbójú sókè wo pátákó, Ẹwà sì sọ fún un pé orúkọ òun ni. "Ẹ ò fi àmì ohùn sí i. Àmì kan lórí lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ya ìwọ àti ẹ̀wà sọ́tọ̀. Ìwọ, re dò. Oúnjẹ, dò dò!"

Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá na etí. "Dòdò wà?"

"Dòdò wà o!" Ariwo sọ. Ta ló ń rí dòdò jẹ ní Sokoto?

Ẹwà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Dòdò ń bọ̀! Kamaldeen, sáré lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà Babbar Kasuwa!"

"Ebi ń pa mí!"

"Sáré kó tó pa ọ́ tán!"

Bí ọjà ṣe ṣí nìyẹn. Ìkòkò kan di mẹ́ta. Tanko oníkẹ̀kẹ́ kò pe Kofar Rini mọ́; "Ẹ̀wà! Ẹ̀wà!" ló ń ké, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì kún. Málàmù kéú gan-an gbàgbé Suwaibat. Gbogbo àdúgbò ń pe Ẹ̀wà, Ẹwà ń jó, ó ń dáhùn: "Na'am! Na'am!"

Nígbà tó ku ọ̀la kí Iléyá dé, Nana ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá tẹ́wọ́. "Ẹ̀wà, ya òdòdó fún mi."

"Re dò ni, Nana."

"Ẹ̀ẹ́n, Ẹ̀wà."

Epo àti ata ti bo ọwọ́ Ẹwà dé ìgúnpá. Nana dúró títí, ó jẹ ẹ̀wà, ó sì lọ síbòmíràn.

Ìgbà náà ni Hámzà gbé ọ̀dà tuntun dé. "Làálì ni kí n kọ, àbí àmì tí bọ̀dá yẹn sọ?"

"Ìwọ lo ni pátákó," ni Ràfíátù wí.

Ẹwà wo abọ́ làálì tó ti gbẹ lójú fèrèsé. Ó wo èrò tó tò dé ìdí igi dógónyárò, abọ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń pariwo orúkọ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tirẹ̀.

"Ẹ fi àmì sí i, Bàbá Kékeré. Lórí lẹ́tà àkọ́kọ́."

Èrò hó yèè. Kamaldeen, tí dòdò kún ẹnu rẹ̀, gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ̀wà ti dé!" Ìyá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì pè é bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.