Ìpara Ìyá Dídán

Ọdún mẹ́sàn-án ni irorẹ́ fi bá àbúrò mi obìnrin fínra. Kì í ṣe kéékèèké tó ń yọ lójú ọ̀dọ́, tí á sì lọ fúnra rẹ̀. Ńláńlá ni, ó ń ro ó, ó ń kó ọyún, àpá ló sì ń fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù awò ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ oníbàárà, kó fi awò kọ́ ọ létí, kó wò ó bóyá ó jókòó dáadáa lórí imú. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan fa orí sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ẹlòmíì níbí ni?" Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ó pe ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé; ilé ló ti wá sunkún.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Wákàtí mẹ́rin la fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó kàn wá, ìwé ni dókítà ń wò, kò wo ojú àbúrò mi. Ó kọ oògùn, ó ní, "Ẹ lò ó fóṣù mẹ́ta. Ó lè kọ́kọ́ burú sí i kó tó dára." Kí àbúrò mi tó la ẹnu béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ti pe ẹni tó kàn.

Ó burú sí i lóòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àbúrò mi sọ oògùn sínú dúróà.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Dídán ń ta ìpara lórí fóònù. Àràárọ̀ ló ń ṣe fídíò: "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi náà ti fi ìborùn bojú rí." Àbúrò mi kọ̀wé sí i, ó sì dá a lóhùn: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó dùn mí." Ohùn pẹ̀lẹ́ níí yọ obì lápò. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun tí mo mọ̀ ọ́n sọ ni, "Yéé fọwọ́ tẹ̀ ẹ́."

Àbúrò mi sanwó, ìpara náà sì dé nínú ike funfun, kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀ ju àwòrán obìnrin náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kàn án wò." Mo fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, náà fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, awọ ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀. Ó pupa, ó ń ta á bí ìgbà tí wọ́n fi ata ra á. Tó bá fi ìpara sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì, ojú á wú. Ìyá Dídán ní, "Ìdọ̀tí ló ń jáde. Fi kún un." Ó fi kún un. Ọjọ́ tó fi àwòrán ojú rẹ̀ ránṣẹ́, obìnrin náà búlọ́ọ̀kì ẹ̀.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Lọ́tẹ̀ yìí ó dìde, ó tan iná sójú náà, ó wò ó pẹ́.

"Oògùn líle ni wọ́n pò mọ́ ìpara tí ẹ lò yìí. Kí ló dé tí ẹ ò padà wá?"

Àbúrò mi ní, "Dókítà, ẹ ò wo ojú mi nígbà yẹn. Obìnrin tó ta ìpara fún mi ló dá mi lóhùn."

Dókítà pa iná náà. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ má bínú. Pupa yìí á lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti fẹ́lẹ́ jù, mi ò lè ṣèlérí." Ó kọjú sí mi. "Ẹlòmíì ò lò ó nílé, àbí?"

"Rárá o," mo yára dáhùn. Àmọ́ mo rántí ọwọ́ ọmọ mi lójú àbúrò mi.

Nígbà tá a délé, mo fa ọmọ mi sún mọ́ fèrèsé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì pupa. Ó ní òun ń bù ú nígbà tí àǹtí òun bá lọ síbi iṣẹ́. Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

Oṣooṣù ni mo ń wa àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn báyìí. Ojú ọmọ mi ti ń rọ̀. Ti àbúrò mi kò tíì rọ̀. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti ń gé gíláàsì awò báyìí, níbi tí oníbàárà kì í dé. Ọmọ mi ní àǹtí òun ló kó ìpara wálé, kì í fẹ́ jókòó tì í nínú ọkọ̀. Àbúrò mi kò bá a jà. Ẹ̀yìn ló máa ń lọ jókòó sí fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.