Ohun Tó Kù Lábẹ́ Ìwọ̀n Ìbàdí

Ìyá aránṣọ náà gbé àpótí bọ́tìnnì kan lé orí tábìlì wa, ó ní inú rẹ̀ ni ẹ̀rí òun wà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè jí òkú tó ti ń sùn láti ayé Nóà. Eruku tó wà lórí àpótí yẹn nìkan tó láti fi mọ ilé alájà mẹ́ta, kó sì tún ṣẹ́ kù fún ọgbà.

Díìsìkì mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń rò pé ìdérí nǹkan ni. Ilé ìpamọ́ ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń gbé ẹrù, èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn, èmi náà ni mò ń fi àwọn tó wá ṣèwádìí ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tó ń tọ́jú ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà wá ni à ń pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-án. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi aṣọ tútù nu díìsìkì olóògbé kan, tó fò sókè tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ kò gùn. Àbúrò ìyá yìí lọ́kùnrin, tíṣà ni, ó kú lọ́dún tó kọjá. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó kọ ìwé ìtàn ìgbín tó fi ilé rẹ̀ háyà. Kò sọ́mọ tó mọ̀wé kà tí kò mọ ìgbín yẹn; mo gbọ́ pé àwọn ìgbín inú igbó gan-an ti ń lé ayálégbé jáde. Ìdílé ti gbà kí ẹrù tíṣà wá sọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó kọ ìwé náà sórí káàdì kó tó wọlé. Ibẹ̀ ni ìyá ti dá wa dúró.

“Èmi ni mo kọ ìgbín,” ó ní. “Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, tí mo bá ń retí oníbàárà. Àbúrò mi tún un ṣe, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ síta, torí àwọn tó ń tẹ̀wé ò ní ka ìwé aránṣọ. Mi ò bá a jà nígbà náà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí káàdì yín máa purọ́ lé mi lórí tí mo bá kú tán.”

Àkọ́bí tíṣà jókòó níwájú rẹ̀, ó wọ táì tó fún un lọ́rùn bí ẹni tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ìyá rẹ̀, opó tíṣà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Màmá Ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ni àkọ́bí wí. “Ẹ bá Dádì tẹ̀ ẹ́ ni. Dádì ti sọ ọ́ ní ojú ìwé àkọ́kọ́: òru tí wọ́n bí mi, tí mò ń ké tí mi ò sùn, ni ìgbín yẹn wá sí wọn lọ́kàn. Igbe mi ló bí ìwé yẹn.”

“Igbe rẹ ò bí nǹkan kan àfi orí fífọ́.”

“N kì í parí ìjà,” ni Má-Fọwọ́-Kàn-án wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ohun tó bá wà nínú díìsìkì ni mo máa kà.”

Ó ki díìsìkì bọ ẹ̀rọ tó ń kà á. Láàárín ẹ̀rọ náà àti kọ̀ǹpútà, ó gbé àpótí pẹlẹbẹ kan sí i, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń lò tí wọ́n bá ń wá ẹ̀rí nínú kọ̀ǹpútà ọ̀daràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àpótí náà ń ṣe: kọ̀ǹpútà lè ka díìsìkì, ṣùgbọ́n kò lè fi bí orí abẹ́rẹ́ kún un. Ó ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, ibi tó kún àti ibi tó dà bíi pé ó ṣófo. Ó dá díìsìkì padà sínú àpò rẹ̀, ó wá ń wo ẹ̀dà.

Ọjọ́ kan náà ló wà lára gbogbo ohun tó wà níbẹ̀: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1980.

“Ẹ wo akin!” mo pariwo. “Odidi ìwé, lẹ́tà mẹ́rìnlá, àti ìwọ̀n aṣọ igba èèyàn láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí wọn ò tíì rọ kọ̀ǹpútà ọ̀hún!”

“Bátìrì aago rẹ̀ ló kú,” ni Má-Fọwọ́-Kàn-án wí. “Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá tàn án ló ń pè ní ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ ò lè ràn wá lọ́wọ́.”

Àkọ́bí tú táì rẹ̀ díẹ̀. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Orí díìsìkì karùn-ún ni ọwọ́ obìnrin náà ti dúró. Ìwọ̀n aṣọ kúkúrú kan ló wà níbẹ̀, kò ju ìlà mẹ́fà lọ.

“Tí èèyàn bá pa nǹkan rẹ́ nínú díìsìkì,” ó ní, “orúkọ ara ilẹ̀kùn nìkan ló kúrò. Ẹrù ṣì wà nínú yàrá títí ayálégbé míì á fi kó wọlé. Tí ẹni tuntun ò bá lẹ́rù púpọ̀, ti ẹni àná á ṣì wà ní igun. Ìwọ̀n aṣọ yìí ò kún yàrá. Ẹ gbọ́ ohun tó kù ní igun.”

Ó kà á: “Ìgbín ní, ‘Wọlé, ṣùgbọ́n má gbé àdògán wọlé o. Òrùlé mi kì í bá èéfín ṣọ̀rẹ́.’”

Ẹnu àkọ́bí ti ń bá a sọ ọ́ kó tó kà á tán.

“Ìtàn ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n wá kọ ìwọ̀n aṣọ lé e lórí. Tá a bá mọ ìgbà tí wọ́n wọn aṣọ yìí, a ti mọ̀ pé ìtàn ti wà ṣáájú.” Ó ka ìwọ̀n náà: “Ìyàwó wa. Aṣọ funfun, ti ọjọ́ ìgbéyàwó. Àyà, ínǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìbàdí, méjìdínlọ́gbọ̀n. Tú ìbàdí sílẹ̀ ní ínǹṣì méjì, ó ti di oṣù mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́.”

Àkọ́bí fún táì rẹ̀ mọ́ ọrùn padà.

“Ìyàwó wo?” ni àkọ́bí wí. “Ìyàwó pọ̀ nínú ẹbí wa ju àga lọ. Gbogbo wọn ni Màmá Ṣọ́ọ̀bù ránṣọ fún.”

“Màmá, ta lẹ wọ̀n?” ni Má-Fọwọ́-Kàn-án bi í.

Màmá Ṣọ́ọ̀bù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. “Mi ò rántí.”

“Tẹ́ ẹ bá rántí, ọ̀rọ̀ parí.”

“Mo ní mi ò rántí! Ta ló ń rántí ìbàdí? Tí wọ́n bá to gbogbo ìbàdí tí mo ti wọ̀n, á yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.”

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, obìnrin yìí ti sọ àwọ̀ òwú tó fi rán aṣọ ìyá mi fún mi, aṣọ tí ìyá mi wọ̀ nígbà tí mi ò tíì tó ẹni tó ń wọ bàtà.

Má-Fọwọ́-Kàn-án fa káàdì sọ́dọ̀. “Tí kò bá sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọ́n wọ̀n, orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé ni mo máa kọ.” Ó ti kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ tíṣà.

“Gbé bírò yẹn sílẹ̀,” ni opó wí. “Èmi ni wọ́n wọ̀n.”

“Ìyàwó wa, dákẹ́,” ni Màmá Ṣọ́ọ̀bù wí.

“Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ máa dákẹ́. Ẹ ti bá mi dákẹ́ fún ọdún márùndínlógójì, ó tó.” Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Oṣù mẹ́ta tó wà níbẹ̀ yẹn, ìwọ ni.”

“Mọ́mì, ẹ ní oṣù mi ò pé tẹ́ ẹ fi bí mi.”

“Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, tó wọn kílò mẹ́rin àbọ̀? Ìwọ tó o fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ rìn jáde?”

“Dádì mọ̀?”

“Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, afẹ́fẹ́?”

Àkọ́bí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. “Ó lè jẹ́ Dádì ló lọ tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn nígbà náà.”

“Bàbá rẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà. Ọdún tó o wọ ilé ìwé ni Àǹtí tó wà níwájú rẹ yìí kọ́ bàbá rẹ.”

“Òru tí mò ń ké ńkọ́, nígbà yẹn…”

“O ò tíì lẹ́nu tí wàá fi ké,” mo sọ. Má-Fọwọ́-Kàn-án wò mí bíi pé mo fẹ́ nu díìsìkì.

Ó ya káàdì náà, ó mú tuntun, ó kọ orúkọ Màmá Ṣọ́ọ̀bù sí i lódindi. Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò tìtì.

“Kọ tàbúrò mi náà sísàlẹ̀,” ó ní. “Òun ló tún un ṣe. Ìgbín mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń parí.”

Àkọ́bí fọwọ́ sí i lórúkọ ẹbí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó gbé bírò sílẹ̀. Má-Fọwọ́-Kàn-án wá béèrè lọ́wọ́ opó bóyá kí wọ́n ti ìwọ̀n aṣọ náà mọ́lé, torí ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ síwèé lẹ́nu ọ̀nà ló máa lè kà á.

“Tẹ́ ẹ bá tì í, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé Àǹtí ò purọ́?”

“Wọn ò ní mọ̀.”

“Ẹ ṣí i sílẹ̀, kí wọ́n máa kà á.”

Mo kó díìsìkì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ sí yàrá tútù. Lẹ́yìn mi, Màmá Ṣọ́ọ̀bù ń fa èjìká kóòtù àkọ́bí, ó ń sọ fún un pé ó yẹ kí ẹni tó rán an ti wà lẹ́wọ̀n.