Ògiri Tí Kò Lanu

Omi ta jáde láti inú ògiri, ó bá bíríkìlà lójú, ó sì gbá fìlà bọ́ lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta tòun ti irin àti òòlù lọ́wọ́, ó ku díẹ̀ kó ré sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Tíṣà, obìnrin tó nilé, fò dìde lórí àga tó ti jókòó sí láti àárọ̀. Táìlì kan ṣoṣo ni wọ́n tíì fọ́.

"Ẹ sún sẹ́yìn, Màmá," ni bíríkìlà wí, ó ń nu ojú. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Má-kánjú ni wọ́n ń pe bíríkìlà yìí, nítorí pé bó bá fẹ́ to búlọ́ọ̀kù márùn-ún péré, yóò kọ́kọ́ yí wọn ká bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ó ti lo ọjọ́ méjì gbáko lẹ́yìnkùlé Tíṣà, ó ń fi okùn wọn ògiri, ó ń lẹ etí mọ́ ọn, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ògiri náà ga ju ènìyàn lọ, ó gùn láti igun ilé dé ìdí ọgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ilẹ̀ òkè dúró kó má baà ya wọ inú adágún. Ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ síwájú báyìí, ikùn rẹ̀ yọ bí ikùn olóyún, etí adágún sì ti sán dé ibi tí ọwọ́ fi lè wọ̀ ọ́. Tíṣà ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìlúwẹ̀ẹ́ nínú adágún náà. Oṣù kan rèé tó ti ní kí wọ́n dúró sílé.

Ìyẹn kọ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tóun náà jẹ́ bíríkìlà, ló mọ ògiri náà, ọdún mẹ́rin sì rèé tí àwọn méjèèjì ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ohun tó ń retí lónìí kò ju pé kí ẹlòmíràn tó mọṣẹ́ ṣí ògiri náà wò, kó sì sọ ọ́ síta pé iṣẹ́ játijàti ni. Bí bíríkìlà bá wí bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ pé òun kò ṣẹ ẹ̀gbọ́n òun. Bí kò bá wí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Èyí kò wá sí i lọ́kàn rí.

Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà lórí àìsàn ni ògiri kọ́kọ́ sán. Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dé, ó fi ọwọ́ gbá àwọn táìlì tó wà lójú ògiri, ó tẹ́tí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló wọlé lọ bá aláìsàn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, Tíṣà kò jẹ́ kó jókòó. Lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí tó wá kí aláìsàn ló ti sọ pé, "Ibojì lẹ mọ sí ẹ̀yìnkùlé mi, tẹ́ ẹ pè é ní ògiri."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó ní, "Mo gbọ́, àbúrò. Ọwọ́ mi ni." Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Ẹyin lohùn, èyí tó já bọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ìró rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ fún un mọ́.

Ní ti àwọn táìlì náà, ọkọ Tíṣà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ wọ́n, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe é, aláwọ̀ búlúù sí ìsàlẹ̀, funfun sí òkè, òdòdó ńlá kan sí àárín. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ìkẹyìn nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tí ẹ̀gbọ́n wá yẹn, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Jẹ́ kí n ní okun díẹ̀. Ó di ọjọ́ Àìkú." Ọjọ́ Ẹtì ló kú. Láti ìgbà náà ni Tíṣà ti ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri inú ọkàn ara rẹ̀. Nígbà mìíràn á ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, nígbà mìíràn á ní ṣe ló fẹ́ dúpẹ́. Ó ti fúnra rẹ̀ hun ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń fi í bora.

Nígbà tí omi rọlẹ̀ díẹ̀, Má-kánjú ki ìka bọ inú ihò náà. Ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́.

"Páìpù wà níbí."

"Páìpù kẹ̀?"

"Páìpù ni, Màmá. Ẹni tó mọ ògiri yìí fi í síbẹ̀ kí omi ilẹ̀ lè máa rí ibi jáde. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó dà á síbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá nìyí."

Tíṣà kò gbà á gbọ́. Má-kánjú wọn ìṣísẹ̀ méjì, ó fọ́ táìlì mìíràn: páìpù. Ó tún wọn méjì: páìpù. Ó fi ẹnu ka ìyókù títí dé ìdí ọgbà, ó ní kò ní dín ní méjìlá. Ohun tó dí ẹnu ti àkọ́kọ́ ti bá táìlì já; ó fi irin yọ ti méjì yòókù, ó sì gbé èyí tó yọ kẹ́yìn lé Tíṣà lọ́wọ́. Ìṣù sìmẹ́ńtì kékeré kan ni, ó le koránkorán.

"Ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ dí i," ló wí. "Ibi tí ògiri ti ń mí ló dí pa."

Tíṣà yí ìṣù náà padà. Wọ́n ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì rọ̀, àpá kan sì dábùú ojú àtàǹpàkò náà. Ogójì ọdún ló fi mọ àtàǹpàkò yẹn, lára ife, lára ìwé ìròyìn, lórí èjìká òun fúnra rẹ̀. Ìdérí agolo ló gé e nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn, òun ló sì fi aṣọ dì í.

Aláǹgbá. Ọ̀rọ̀ aláǹgbá ni. Ihò wà lójú ògiri nígbà náà, òun rò pé ihò igi tí àwọn bíríkìlà ń gùn ni wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Aláǹgbá ń gbé inú wọn, wọ́n á ré sínú omi, àwọn ọmọ á figbe bọnu. Òun ló ráhùn. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà wí ni? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Fi ẹnu ògiri sílẹ̀ fún mi." Tíṣà sọ àwàdà náà níbi ìsìnkú rẹ̀ pàápàá, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn pátápátá lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Àbí ẹni tó mọ ọ́n ò sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má dí i ni?" ni Má-kánjú bi í.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tíṣà kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkankan kó tó dá a. Ó mú fóònù. Ó tẹ nọ́ńbà náà ṣì lẹ́ẹ̀mejì.

"Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni."

"Mo mọ ohùn rẹ."

"A ti ṣí ògiri."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Omi tó jáde ńkọ́? Ó mọ́ ni àbí ó pọ́n?"

Tíṣà bojú wo ilẹ̀. "Ó mọ́."

"Ilẹ̀ ò tíì máa bá omi lọ nìyẹn. Ògiri náà ṣì ṣe é gbà là."

"Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n bú yín?"

"Ọkọ rẹ ló bẹ̀ mí. Ó sunkún, àbúrò. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun, pé òun fẹ́ fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún ọ. Ó ní ó di ọjọ́ Àìkú." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ mọ́. Wí fún bíríkìlà yẹn kó máa ti igun méjèèjì bọ̀ sí àárín, kó má ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mò ń bọ̀."

Tíṣà jókòó sí etí adágún. Omi ń dà láti ihò mẹ́ta, ó gba abẹ́ bàtà rẹ̀ kọjá, ó tutù. Ọjọ́ Àìkú. Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sí ojú ibi tí ti ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lára ìṣù sìmẹ́ńtì náà. Ó wọ̀ ọ́, àyè sì kù.

Má-kánjú dúró níwájú òdòdó táìlì, òòlù lọ́wọ́. "Màmá, ṣé kí n yọ ibí yìí sílẹ̀?"

"Ẹ fọ́ ọ," ni Tíṣà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ ti igun méjèèjì bọ̀ kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní bẹ́ẹ̀. Òun ló mọ ògiri yìí."