Kàlẹ́ńdà Tó Ṣáájú Ìdánwò

Ẹnu Àlhájì Bùràímọ̀ ò dáa. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú. Bí bébà bá há sẹ́nu ẹ̀rọ, á bú ẹ̀rọ, á bú ẹni tó ń lò ó, á bú ẹni tó ta bébà, bí èébú bá sì tún ṣẹ́kù, á gbé e délé fún ọmọ rẹ̀. Hameedat lorúkọ ọmọ náà. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí kó tó jáde láyé. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni bàbá rẹ̀ ti gbà pé ọmọ tí a ò bá dẹ́rù bà ò ní kàwé. Bó bá ṣe ipò kejì, á bi í pé ṣé orí méjì lẹni tó ṣe ipò kìíní ní. Bó bá ṣe ipò kìíní, á ní kó má yọ̀, ìdánwò mìíràn ń bọ̀. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ" ló máa fi ń kádìí ọ̀rọ̀.

Ẹ wò ó, òwe yẹn ò burú. Àmọ́ ẹni tó bá ń fi í bọ́ ọmọ láàárọ̀ lálẹ́, kó má yà á lẹ́nu bí ọmọ bá gbà á gbọ́.

Hameedat gbà á gbọ́. Ó wọ yunifásítì, ilé ló ti ń lọ, ilé ló sì ń padà sí, gbogbo nǹkan sì ń lọ déédéé títí wọ́n fi dórí iṣẹ́ ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní sìtátísíìsì. Dókítà Bámilóyè ló ń kọ́ wọn. Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò yé ọmọ yìí rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wọlé, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, ó sì gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú orí ara rẹ̀ kedere pé olódo ni. Ló bá yí padà. Ó lọ jókòó sétí ọ̀sà títí gbogbo wọn fi jáde, ó wá lọ sílé, ó ní ìdánwò náà dùn ún kọ. Lọ́dún kejì tó yẹ kó tún un kọ, ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló tún ti yí padà. Lójú tiẹ̀, ẹni tí kò kọ ìdánwò, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn ronú.

Bó ṣe di ọdún àṣekágbá nìyẹn, tí iṣẹ́ Dókítà Bámilóyè ṣì dúró dè é. Bí kò bá kọ ọ́, kò sí sàtífíkéètì. Bàbá rẹ̀ ò sì mọ nǹkan kan.

Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ní àṣà kan. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, iṣẹ́ kàlẹ́ńdà á pọ̀ débi pé wọn ò ní ráyè mí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tẹ tara ẹ̀ á tètè tẹ̀ ẹ́ kí iṣẹ́ oníṣẹ́ tó dé, á wá pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún oníbàárà, fún ará àdúgbò, àti fún ẹbí. Ọdọọdún ni Àlhájì ń tẹ tirẹ̀. Àwòrán ara rẹ̀ ní Mẹ́kà ló máa ń fi síbẹ̀. Lọ́dún yìí, ó mú Hameedat lọ sílé fótò, ó yá gáùn àti fìlà onígun mẹ́rin fún un, ó ní kó rẹ́rìn-ín. Hameedat sọ fún un pé àwọn ò tíì ṣe ìdánwò. Àlhájì bi í bóyá ó ti pinnu láti fìdí rẹmi ni. Hameedat rẹ́rìn-ín fún ẹ̀rọ fótò.

Bí kàlẹ́ńdà ṣe jáde nìyẹn, tó ń dán gbinrin. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ọmọ àwọn ti gboyè jáde ní yunifásítì, kí gbogbo ayé bá àwọn dúpẹ́. Ó dé Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dọ̀ ẹbí, ó kún gbogbo Pedro, ó dé Bàrígà. Àlhájì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Hashim tó ń bá a lo ẹ̀rọ pé òun mọ̀ pé ọmọ náà ò tíì ṣe tán, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ayé bá ti rí i, ibo ló máa sá sí? Ó ní ọmọ tó bá ti rí ẹ̀sín lẹ́yìn rẹ̀, iwájú ló máa sáré sí. Ọgbọ́n orí rẹ̀ nìyẹn o.

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà tí Àlhájì ká kàlẹ́ńdà sábẹ́ abíyá, ó gba inú ọgbà yunifásítì lọ, ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń wá iṣẹ́ ìwé títẹ̀ nìyẹn. Ẹnìkan ló sọ fún un pé Dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń kọ ìwé ìṣirò fún akẹ́kọ̀ọ́. Ta ni Dókítà yẹn? Bámilóyè ni. Àlhájì wọlé, ó kí i, ó tẹ́ kàlẹ́ńdà sórí tábìlì, ó fi ìka han ọmọ rẹ̀.

Ilé ìkàwé ni Hameedat wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá rẹ̀ ní kó máa bọ̀ ní ọ́fíìsì Dókítà Bámilóyè kíákíá. Nígbà tó fi máa wọlé, bàbá rẹ̀ jókòó, kò wo ojú rẹ̀. Dókítà ò bínú, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, èyí ló sì jẹ́ kó dun Hameedat jù.

"Àlhájì, ọmọ yín ò tíì gboyè. Ó ku iṣẹ́ tèmi. Mi ò lè sọ fún yín pé ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n, torí mi ò rí ìwé ìdánwò rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, kò wọlé."

Ó yíjú sí Hameedat, ó bi í bóyá ara rẹ̀ ni kò yá nígbà yẹn. Hameedat tẹjú mọ́ kàlẹ́ńdà tó wà lórí tábìlì. Àlhájì dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà, ó ká kàlẹ́ńdà rẹ̀ padà. Láti Akoka tí yunifásítì wà títí dé Ṣómólú, iwájú ló ń rìn. Ìgbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, tí Hashim wà níbẹ̀, tí àwọn oníbàárà jókòó, ló tó lanu.

"Èmi ti ń pè ọ́ ní olódo láti kékeré. Mo ṣe olódo ní àìdáa. Olódo máa ń wọlé jókòó."

Àlhájì ò tíì ṣe tán. Ó ní gbogbo kàlẹ́ńdà tó wà ní Pedro àti Bàrígà, Hameedat ló máa lọ gbà á padà láti ilé dé ilé, ẹnu ara rẹ̀ ló sì máa fi sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ó ní òun á béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn, kó má fo ilé kankan.

Hameedat kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó kórìíra irùngbọ̀n rẹ̀, ó kórìíra òórùn ínkì ara rẹ̀, ó kórìíra bó ṣe ń wúkọ́ kó tó bú èèyàn. Bó bá ríbi lọ, kò ní lọ sẹ́nu ọ̀nà kankan. Kò ríbi lọ, ló bá jáde.

Ọ̀dọ̀ obìnrin aránṣọ kan tó ń jẹ́ Ìyá Fúnmiláyọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Pedro. Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó pe àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́, ó ní kí Hameedat tún un sọ. Hameedat tún un sọ. Ní ilé kejì, wọ́n pòṣé. Ní ilé kẹta, ìyá àgbàlagbà kan bi í bóyá ọkùnrin ló kó sí i lórí. Ìtìjú bò ó débi pé etí rẹ̀ ń hó. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ọlọ́runṣògo tó ń ta sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé, bàbá náà fàáké kọ́rí pé òun ò ní yọ kàlẹ́ńdà lára ògiri. Ó ti fi bírò yí gbogbo ọjọ́ ìpàdé àwọn onílé tọdún tó ń bọ̀ ká.

Hameedat ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwòrán mi ló wà níbẹ̀, irọ́ sì ni."

Bàbá náà wo ògiri, ó wo Hameedat, ó tún wo ògiri. "Ìwọ nìyí? Ta ló ń wo àwòrán? Déètì ni mo ń wò."

Ó padà sídìí irin rẹ̀. Hameedat dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Gbogbo ọdún tó fi sá fún ojú ayé, ayé ò tiẹ̀ wò ó. Inú tún bí i sí ìyẹn náà. Ó ń bá a lọ láti ilé dé ilé, nígbà tó sì máa fi kọjá sí Bàrígà, ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà lára: ẹ káàsán o, irọ́ ni wọ́n kọ síbí, mi ò tíì yege, ẹ dákun ẹ fún mi padà. Bí ẹni ń kiri ọjà ló ṣe ń sọ ọ́.

Ilé tó kẹ́yìn ni tàwọn Sabina, létí omi ní Ìlàjẹ. Sabina àti Hameedat jọ wà ní kíláàsì kan náà, ìyá Sabina sì ń yan ẹja. Ìyá náà ti fi kàlẹ́ńdà bo apẹ̀rẹ̀ ẹja, epo ti rin ojú Hameedat àti fìlà onígun mẹ́rin rẹ̀. Sabina ò dìde nídìí ẹja tó ń tò. Hameedat bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti há sórí, Sabina dá a dúró.

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejèèjì tó o yí padà. Èmi wọlé, mo gba máàkì méjìlélógún, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, gbogbo èèyàn kà á. Mo padà lọ, mo gba àádọ́ta. Ìwọ lọ yá gáùn."

Ó sọ ọ́ tìkanra-tìkanra, kò sì fi ẹ̀rín kankan sí i. Hameedat bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n lẹ èsì yẹn mọ́ ògiri. Sabina ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, òun wá sílé, òun yan ẹja. Nígbà tí Hameedat wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun, Sabina pòṣé, ó ní òun ò ní sùúrù fún ẹni tó máa tún sá, àmọ́ bó bá lè fara da èéfín, kó wá jókòó sídìí ààrò. Hameedat jókòó sínú èéfín yẹn lójoojúmọ́ títí ìdánwò fi dé, Sabina sì ń bú u bí kò bá mọ ìdáhùn. Wọn ò dọ̀rẹ́ o.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Àlhájì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé. Ó sọ fún un pé bó bá fìdí rẹmi, kó má padà wá sílé òun.

Hameedat dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àyà rẹ̀ lù gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀yìnwá, ohùn yẹn náà sì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ tí wọn ò tíì sọ? Wọ́n ti pè é ní olódo níṣojú Hashim, Ìyá Fúnmiláyọ̀ ti fi í ṣẹ̀fẹ̀, epo ẹja ti kun ojú rẹ̀. Ẹ̀sín tí wọ́n ní ikú yá jù lọ ti kọjá lórí rẹ̀, kò sì kú. Ó wọlé, ó jókòó. Ó mọ àwọn ìbéèrè kan, kò mọ àwọn kan, ó sì kọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, máàkì mọ́kànlélógójì ló gbà. Márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń yege.

Ó dúró síwájú ògiri níbẹ̀, ó sunkún, ó nu ojú rẹ̀. Ó lè purọ́, ẹnu rẹ̀ mọ irọ́ dáadáa. Ó gba ọ̀nà Ṣómólú lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Hashim wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà tó wá gba ìwé ìpè ìgbéyàwó jókòó lórí bẹ́ńṣì.

"Dádì, èsì ti jáde. Mo fìdí rẹmi. Máàkì mẹ́rin ló kù. Màá tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀."

Àlhájì ò wò ó. Ó na ọwọ́, ó tan ẹ̀rọ, ariwo gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Hashim dọ́gbọ́n jáde síta. Àwọn oníbàárà ń wo ilẹ̀. Hameedat ò pariwo lé ẹ̀rọ lórí, kò sì kúrò lójú kan. Ó ń wo bébà bó ṣe ń wọlé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan tó sì ń jáde, títí bébà fi tán lẹ́nu ẹ̀rọ, tó di dandan kí Àlhájì pa á.

Ó pa á. Ibi gbogbo dákẹ́.

Hameedat ní, "Mo ní mo fìdí rẹmi, Dádì. Ilé ni mo sì ń padà sí."