Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Tí Kì Í Já Lu Ọ̀rọ̀

Ohùn Andrew ni Adétutù kọ́kọ́ fẹ́ràn, kí ó tó mọ̀ bóyá ó ga tàbí ó kúrú. Inú rédíò ni ohùn náà ti jáde sí i, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jí ọmọdé lójú oorun, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ bátìrì tó bàjẹ́ ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ bátìrì lásán-làsàn! Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ìfẹ́ bá ti fẹ́ gbé, bí wọ́n ń ka iye ìṣó fún un, orin ni yóò máa gbọ́.

Ẹgbẹ́ Oní-rédíò Kabba ló so wọ́n pọ̀. Olùkọ́ wà nínú ẹgbẹ́ náà, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, títí kan aṣerunlóge bíi Adétutù. Rédíò ọwọ́ àti wáyà tí wọ́n ta sórí òrùlé ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìra káàdì fóònù. Yàrá kan lẹ́yìn ilé Baba Bámgbóṣé, lórí òkè, ni ilé ẹgbẹ́. Baba ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu àṣẹ pípa. Ní ọ̀sán Sátidé gbogbo, Adétutù ló ń pe orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá pè yóò sọ orúkọ rẹ̀, yóò sọ ibi tó wà, yóò sì sọ bó ṣe ń gbọ́ wọn sí. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹlòmíràn tó gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀.

“Ẹni tó bá já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lórí afẹ́fẹ́,” Baba a máa wí, “ó dà bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn yàrá tọkọtaya láìkanlẹ̀kùn.”

Andrew ló pa òfin yìí mọ́ jù. Bí èèyàn bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, yóò tún dúró díẹ̀, bóyá onítọ̀hún gbàgbé nǹkan kan. Wọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Andrew, ṣé o ti sùn ni?”

Ó ti wá bá Adétutù níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti sọ fún un pé òun fẹ́ ẹ. Adétutù rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó jẹ́ kí òun rò ó, ó sáré wọlé, ó sì dojú kọ ògiri, ó fọwọ́ bo ẹnu. Kí ló tún kù tó fẹ́ rò? Ìtìjú ni.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti kú káàkiri gbogbo agbègbè. Andrew gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Odo-Ape, ó há rédíò ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó sì ń gbé òmíràn tó tún ṣe, ìkejì èyí tó wà nílé oní-nǹkan, lọ fún Baba Jethro, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọ̀ díẹ̀, Adétutù jókòó sídìí rédíò, ó bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ.

“Odo-Ape, Baba Jethro, ẹ wọlé.”

“Jethro rèé. Ilé mi ni mo wà, mò ń gbọ́ ọ ketekete. Ọmọ mi, bá mi bi ọkọ rẹ bóyá ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Mo ti se iṣu sílẹ̀, iṣu ti tutù.”

Baba Bámgbóṣé rẹ́rìn-ín. Adétutù kò rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ni Andrew ti kúrò ní Kabba. Èèyàn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, àfi ẹni tí wọ́n bá dá dúró. Gbogbo Kabba ló sì mọ irú àwọn tó ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà nísinsìnyí.

Ó fẹ́ pe orúkọ tó kàn nígbà tí rédíò dún bí ẹni tó ń tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ohùn kan jáde, ó kéré, kò sì já gaara.

“Adétutù. Andrew rèé.” Ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. “Wọ́n dá mi lọ́nà. Wọ́n níbọn. Mo ju alùpùpù sílẹ̀, mo sá wọgbó. Wọ́n ń wá mi.”

Irú ẹ̀rù tó ba Adétutù nígbà náà kì í jẹ́ kí èèyàn ronú. Ohun tí ẹnu ti mọ́ ni ẹnu máa ń sọ. Ohun tó sì ti mọ́ Adétutù lẹ́nu ní gbogbo Sátidé ló sọ.

“Sọ ibi tí o wà.”

Baba Bámgbóṣé na ọwọ́ láti gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Andrew, ọmọ ẹgbẹ́ rere, ti ń dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

“Lẹ́bàá odò kékeré kan ni, lábẹ́ igi ńlá tó wó. Mi ò jìnnà sí títì.”

Ohùn mìíràn wá wọlé, ohùn ọkùnrin tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó sì sún mọ́ni bí ẹni pé abẹ́ tábìlì ló wà.

“Okun o,” ni ohùn náà wí. “Ẹ ṣeun. Odò, igi tó wó. Ọmọkùnrin, dúró síbẹ̀ dè wá.”

Okun! Ìkíni tí ìyá Adétutù fi ń kí i láàárọ̀. Kì í ṣe àlejò ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ilẹ̀ wọn ni, tó mọ gbogbo odò ibẹ̀ àti gbogbo igi tó wó. Nígbà náà ni ọkàn Adétutù ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí ohun tó ṣe. Rédíò tí Andrew ń gbé lọ fún Baba Jethro wà nínú àpò tó so mọ́ alùpùpù. Alùpùpù ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ bá sọ lórí rédíò ọwọ́, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ó tẹ bọ́tìnnì bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ. “Andrew, kúrò níbẹ̀! Sá! Má sọ̀rọ̀ mọ́! Bí èmi pàápàá bá pè ọ́, má dáhùn!”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ohùn rẹ dùn o, Adétutù. Àbí orúkọ tó pè ọ́ kọ́ nìyẹn? A óò wá kí ọ nílé.”

Adétutù ju rédíò náà sórí tábìlì bí ẹni tó gbá ejò mú.

Baba Bámgbóṣé kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí. Ó rán akọ̀wé ẹgbẹ́, Ọpẹ́dayọ̀, sí àgọ́ ọlọ́pàá lórí ọ̀kadà, ó sì tan rédíò ńlá tó wà ní igun yàrá, èyí tí rédíò ọwọ́ kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí rẹ̀. Baba Jethro náà ní irú rẹ̀. Orí ìyẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

“Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀,” ni Baba Jethro wí. “Dáramọ́lá, olórí àwọn ọdẹ, ti wà níwájú ilé mi pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti kúrò nídìí igi yẹn, igbó ọ̀hún sì fẹ̀ bí òkun. Ibo ni kí wọ́n gbà?”

Nígbà náà ni rédíò ọwọ́ orí tábìlì dún: kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó tún dún: kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ.

“Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀!” Adétutù fò dìde. “Baba, ó ń ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀!”

Eré tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe lẹ́yìn ìkórè nìyẹn. Ẹnìkan yóò di kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, yóò lọ sá pamọ́ sínú igbó pẹ̀lú rédíò. Kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn máa tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù yóò máa yí áńtẹ́nà kiri. Ibi tí ìró náà bá ti le jù nígbà tí wọ́n kọjú áńtẹ́nà sí i, ibẹ̀ ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà.

Ní Odo-Ape, Baba Jethro di òpó áńtẹ́nà rédíò ọwọ́ tó kù nílé rẹ̀ mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. “Mo ti ń gbọ́ ọ! Apá ẹsẹ̀ òkè ló wà.” Ó tún yí i díẹ̀. “Dúró ná. Òmíràn tún ń dún.”

Adétutù náà gbọ́ ọ. Kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ. Ó dákẹ́. Lójú kan náà, ká tó ṣẹ́jú: kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ. Àwọn ajínigbé ti ń sín in jẹ. Bóyá wọ́n mọ ìdí tó fi ń tẹ̀ ẹ́, bóyá yẹ̀yẹ́ lásán ni wọ́n ń ṣe, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti di méjì nínú igbó kan.

“Ọ̀kan wà ní ẹsẹ̀ òkè,” ni Baba Jethro wí, “ọ̀kan wà ní ìsàlẹ̀ lápá odò. Èwo ni tiwa? Bí mo bá rán Dáramọ́lá sí èyí tí kì í ṣe tiwa, ojú ìbọn ni mo rán an lọ, wọn yóò sì ráyè mú ọmọ náà.”

“Ẹsẹ̀ òkè ni,” ni Baba Bámgbóṣé wí. “Wọ́n ti wá a lọ sí odò.”

“Àbí òun ló ṣì wà lódò, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè dìde?” ni Baba Jethro fi dá a lóhùn.

Oòrùn ti ń pọ́n lẹ́yìn òkè. Adétutù wo rédíò ọwọ́ tó jù sórí tábìlì. Kò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé. Gbogbo ara rẹ̀ ń kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti sọ sí i lọ́kàn, ó sì mú ẹ̀rù bà á ju ẹ̀rù àkọ́kọ́ lọ, nítorí bó bá ṣì í, òun ló pa Andrew lẹ́ẹ̀mejì.

“Baba Jethro,” ó wí lórí rédíò ńlá, “èmi yóò sọ̀rọ̀ lórí rédíò ọwọ́. Mi ò ní dákẹ́. Ẹ máa fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, olè ni. Andrew kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.”

“Nínú irú ìpayà yẹn, ọmọ mi?”

“Kò ní já lu tèmi, sà.”

Ó gbé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Kí ni èèyàn lè sọ tí kò ní tètè tán, tí ọ̀tá ń gbọ́, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbọ́, tí àgbàlagbà jókòó tì ọ́? Ohun kan ṣoṣo ló pọ̀ nínú rẹ̀.

“Andrew, Adétutù ni. O bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, mo ní kó o jẹ́ kí n rò ó. Irọ́ ni mo pa, mo ti rò ó tipẹ́. Mo mọ ìró alùpùpù rẹ láàárín ogún alùpùpù. Bó o bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń fa irun oníbàárà já, wọ́n a sì gbá mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí òjò pa ọ́ wá sípàdé, aṣọ rẹ ni mo wò, mi ò gbọ́ nǹkan kan tí Baba sọ. Mi ò mọ̀ bí o ṣe ń sùn, mi ò mọ ọbẹ̀ tó o fẹ́ràn, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Má kú. Mo fẹ́ ọ. Mo fẹ́ ọ, mo tún fẹ́ ọ…”

Baba Bámgbóṣé ti kọjú sí ògiri. Adétutù kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Ọ̀rọ̀ ń jáde, omijé náà ń jáde. Títí ọwọ́ Baba fi bà á léjìká.

“Ó tó. Fi sílẹ̀.”

Aya Baba Jethro, Ìyá Mary, ló wà lórí rédíò ńlá. “Ti apá odò kò yé tẹ̀ títí o fi dákẹ́, ó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ti ẹsẹ̀ òkè kò tẹ̀ ẹyọ kan. Baba yín ti bá àwọn ọdẹ lọ sí ẹsẹ̀ òkè, ó ní òun kò ní jókòó sílé. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn!”

Ìdúró wá bẹ̀rẹ̀. Rédíò ọwọ́ kò dún mọ́ rárá: kò sí kẹrẹ ẹsẹ̀ òkè, kò sí kẹrẹ apá odò. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló burú jù. Ṣé wọ́n ti rí i ni? Nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀, ṣé Andrew ló mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, tàbí ó ti kú tí kò fi lè tẹ bọ́tìnnì? Ìbéèrè yìí kò tíì wá sọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí ó jókòó tì í bí àlejò tí kò ní lọ. Ọpẹ́dayọ̀ padà wá, ó ní mọ́tò ọlọ́pàá ti gbéra. Ìró ìbọn kan, ni Ìyá Mary wí. Lẹ́yìn náà, méjì. Kò mọ ti ta ni. Adétutù kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń gbàdúrà, kò sì rántí ìlà tó yẹ kó kàn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí rédíò ńlá sọ̀rọ̀.

“Ẹ dá mi lóhùn ní Kabba.” Baba Jethro ni, ó ń húkọ́. “Ó wà lọ́dọ̀ mi. Bátìrì rédíò rẹ̀ ti kú. Inú ihò àpáta ni mo bá a. Dáramọ́lá pè é títí, kò jáde, ó rò pé àwọn ajínigbé ni. Àfìgbà tí mo bú u: ‘Andrew, aláìgbọràn, ta ló ní kó o gba ọ̀nà yìí ní ìwọ nìkan!’ Ló bá jáde, ó ń sunkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n kò kú. Àwọn olóríburúkú yẹn gbọ́ ìbọn ọdẹ, wọ́n sì sá. A kò rí wọn mú o. Rédíò mi sì wà lọ́wọ́ wọn.”

Baba Bámgbóṣé fa bátìrì yọ kúrò nínú gbogbo rédíò ọwọ́ tó wà lórí tábìlì. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò yí ibi tí wọ́n ti ń pàdé lórí afẹ́fẹ́ padà, àti pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ibi tó wà mọ́. Ó lọ ti géètì, ó lọ ti fèrèsé. Ọ̀nà Odo-Ape kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè gbà nírú àsìkò yẹn. Di ọ̀la kí ojú tó lè rí ojú.

“Adétutù,” ni ohùn kan wí nínú rédíò ńlá, jẹ́jẹ́.

“Mo wà níbí.”

“Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.”

“Tèmi náà.”

Àwọn méjèèjì fi rédíò sílẹ̀ ní títàn. Bí ajá bá gbó lẹ́yìn géètì, Adétutù a gbọ̀n. Bí nǹkan bá dún lọ́dọ̀ Andrew, á pe orúkọ Adétutù, òun náà a dáhùn. Iná kékeré rédíò ńlá ń tàn sí i lójú. Baba Bámgbóṣé gbé àga wá, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé kó pa rédíò tirẹ̀.