Òrùlé Ilé Emil Hudak

Bàbá Noreen ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n: ìjọba yóò dá ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ dọ́là padà, láti inú owó orí, fún ẹni tó bá ra ilé àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Bàbá náà, Emil Hudak, fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹni tó rí owó he.

"Noreen! Ìwọ ni wọ́n ń bá wí o. Ìwọ tó ò ń háyà yàrá kiri láti ọjọ́ tó o ti dàgbà."

"Bàbá, ilé wo ni kí n rà?"

"Èyí tá a jókòó sí yìí ńkọ́?"

Noreen rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ kò rín. Ilé iṣẹ́ irin ti jẹ ìbàdí ọkùnrin náà tán, àtẹ̀gùn ti di òkè ńlá fún un. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà létí odò tí ó wù ú, owó ilé yìí ni yóò sì san níbẹ̀. Kò kàn fẹ́ kí àjèjì ra ilé tí òun àti olóògbé ìyá Noreen fọwọ́ ara wọn kùn lọ́dà. Òrùlé nìkan ni wàhálà. Ní Youngstown, ìlú wọn ní Amẹ́ríkà, òrùlé tó ń jò kì í bá ènìyàn la ìgbà òtútù kọjá.

"Owó ìjọba yẹn lo máa fi tún un ṣe," ni bàbá wí. "Tó bá ṣẹ́kù, ra ẹ̀rọ amúlégbóná tuntun. Má fi ra ìranù o."

"Ṣé eyín mi tó ń dùn mí ni ìranù?"

"Fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun."

Báńkì yá Noreen lówó lórí iṣẹ́ ìfọṣọ tó ń ṣe ní ilé ìwòsàn, ó sì fi ra ilé náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ewé igi ń pọ́n, tí ìgbà òtútù ń bọ̀, bàbá kó lọ sí etí odò. Noreen ké sí Denny, ọ̀rẹ́ ẹbí wọn tó ń ṣiṣẹ́ òrùlé. Denny ní òun á dúró de owó ìjọba. Ó gun òkè, ó ṣí gbogbo ẹ̀yìn òrùlé kúrò, àti pákó tó ti jẹrà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi tapólì bo ojú ihò náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Noreen lọ bá Ìyáàfin Sabol, tó ń bá àwọn ará àdúgbò ṣètò owó orí wọn. Obìnrin náà ń béèrè, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ń bá a ṣàwàdà lọ.

"Ta ló ta ilé náà fún ẹ?"

"Bàbá mi ni, mà."

Ọwọ́ Ìyáàfin Sabol dúró. "Bàbá tó bí ẹ lọ́mọ?"

"Òun ni."

"Áà, Noreen. Òfin ò gbà á. Ẹni tó bá ra ilé lọ́wọ́ òbí ara ẹ̀, wọn ò ní fún un ní nǹkan kan."

"Ṣùgbọ́n mo sanwó, mà! Kò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́."

"Mo mọ̀. Ká ní ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni lo ti rà á ni, wọn ì bá fún ẹ lówó náà."

Ẹsẹ̀ ni Noreen fi rìn délé. Ilé méjì ló ṣófo ní òpópónà wọn, tí àwọn tí kò mọ̀ rí ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ó kọjá lára méjèèjì.

"Mo ní ìyàwó àti ọmọ, Noreen," ni Denny wí nígbà tó gbọ́. "Mi ò lè fi owó ara mi ra pákó."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá Denny."

Ó tún okùn tapólì náà so le, kò sì lè wo ojú rẹ̀. Báńkì kò yá Noreen ní òmíràn. Owó tó wà lọ́wọ́ bàbá sì ti wọ ilé ìtọ́jú lọ, kò ṣe é gbà padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ó lọ kí bàbá.

"Òrùlé ńkọ́?"

"Ó dúró digbí, Bàbá."

Emil kọjú sí ọkùnrin tí wọ́n jọ ń jẹun. "Ọmọ mi ló ra ilé mi. Ìjọba ló ràn án lọ́wọ́. Èmi ni mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, èmi ni mo sọ fún un!"

Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ gba ìyẹn lẹ́nu arúgbó?

Yìnyín dé, ó wúwo lórí tapólì. Àjà yàrá òkè já lulẹ̀ sórí ibùsùn àwọn òbí rẹ̀. Omi ń gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, ògiri sì ń bu bí búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Noreen kó aṣọ rẹ̀ wá sí ilé ìdáná, ibẹ̀ ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde ń bọ̀, bàbá ní, "Wá gbé mi wálé lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ jẹ háluski, oúnjẹ oníkábéèjì tí ìyá ẹ máa ń sè, nínú ilé ìdáná ẹ̀."

"Mo máa lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Bàbá."

"Ọjọ́ kejì ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ò ní lè gun àtẹ̀gùn iwájú yẹn."

"Denny á gbé mi."

Noreen wá irọ́ mìíràn tì. "Kò rọrùn fún mi, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ báyìí ná."

Bàbá fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lu ilẹ̀. "Ó ti yé mi. Ilé ẹ ni. Ẹni tó bá ti ta nǹkan, kó gbójú kúrò lára ẹ̀."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ gbọ́…" Òtítọ́ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá, ọkùnrin tí wọ́n jọ máa ń jẹun, jókòó níwájú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí obìnrin onílé tuntun. Noreen gbé òtítọ́ náà mì.

"Mo ní ó ti yé mi," ni Emil wí, ó sì yí àga rẹ̀ sí ojú odò.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, Noreen se háluski, ó wé abọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ kó má baà tutù, ó gbé e lọ fún un. Bàbá kò ṣí i. Ó ní kí nọ́ọ̀sì gbé e fún ẹni tí ebi ń pa.