Alàájì Tàjùdéèn Lọ Ná Iṣẹ́ Oorun

Ọjà tí a kò bá ná, iye rẹ̀ kì í wálẹ̀. Alàájì Tàjùdéèn, bàbá Hameedah, ti ná iṣu, ó ti ná bàtà, ó ti ná owó irun gígẹ̀ ní Rye Lane ní London títí onígbàjámọ̀ fi gbé abẹ sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló ní: bí iye tí wọ́n pè bá ga, á pòṣé, á kẹ̀yìn, á máa rọra lọ bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀, títí ọlọ́jà á fi ké pè é pé, "Ẹ padà, ẹ mú owó wá!"

Ní Sátidé yìí, ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ ná. Àwọn yunifásítì tẹ́ tábìlì sínú gbọ̀ngàn kan ní Peckham. Iṣẹ́ oorun ni Hameedah fẹ́ kọ́, iṣẹ́ àwọn tí í lẹ wáyà mọ́ aláìsàn lórí, tí wọ́n á máa fi ẹ̀rọ wo bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń mí.

"Kí èèyàn máa gbowó oṣù lórí ìhanrun ẹlòmíì!" ni Alàájì wí. "A ó wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kọ gbèsè tó léèlé. Bí a ò bá rí èyí tí kò léèlé nínú lónìí, accounting tí owó mi ká lo máa lọ kọ́."

Hameedah kórìíra accounting bí ológbò ṣe kórìíra òjò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní tábìlì àkọ́kọ́ ní àwọn tó jáde lọ́dọ̀ àwọn ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n pọ́n-ùn lọ́dún.

"Gbèsè wọn ńkọ́?"

"Student loan ni, sà. Á tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta."

"Pẹ̀lú èlé?"

"Pẹ̀lú èlé, sà."

"Astagfirulláàhì! Ẹ dín in."

"Kí ni kí n dín, sà?"

"Gbèsè náà!"

Alàájì pòṣé, ó kẹ̀yìn, ó ń rọra lọ. Hameedah tẹ̀ lé e, ó fi híjáàbù bojú. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Wọ́n yà sí tábìlì kejì; gbèsè ibẹ̀ kéré díẹ̀, owó oṣù náà sì kéré. Ó tún pòṣé, ó tún lọ. Ẹnikẹ́ni ò tún pè é.

"Àwọn wọ̀nyí ò mọ ọjà á tà," ni Alàájì wí.

Ní kọ̀rọ̀, Aunty Lois Mákánjúọlá, òṣìṣẹ́ oorun nílé ìwòsàn kan, jókòó ti tábìlì kékeré.

"Ẹ káàbọ̀, Alàájì. Lọ́dọ̀ tiwa, ó máa ṣiṣẹ́, ó máa kàwé. Àwa la máa sanwó ilé ẹ̀kọ́, a ó sì máa sanwó oṣù fún un. Owó yẹn ò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ o, ṣùgbọ́n tó bá gboyè, òun àti àwọn tó jẹ gbèsè á jọ máa gba iye kan náà."

Ojú Alàájì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lẹ ń sanwó fún? Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ n'Íwòó, bàbá mi ló sanwó fún ọ̀gá, mo tún ń fọ ìkòkò ìyàwó ọ̀gá! Gbájú-ẹ̀ rèé."

Ó pòṣé. Ó kẹ̀yìn.

Ẹsẹ̀ Hameedah ti fẹ́ tẹ̀ lé e bó ṣe mọ́ ọn lára. Ló bá fa àga, ó jókòó gbàgà.

"Aunty, mo fẹ́ ẹ. Like, gidi gan."

"O ò ní ná an ni?"

"Daddy ti ná ti gbogbo wa, ẹ jọ̀ọ́."

Alàájì dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn, kò rí ọmọ. Ó rí i lórí àga, tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, oníbàárà tó padà láìpè kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́. Alàájì wòkè, ó wo bàtà rẹ̀, ó bá ń padà bọ̀ bí ẹni tó gbàgbé fìlà.

"Alàájì, mi ò pè yín o!"

"Mo gbọ́. Ṣé lóòótọ́ ni kò léèlé?"

"Kò ní."

"Ẹ sọ pé wàláì."

"Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, sà. Ṣùgbọ́n wàláì!"

Ẹ̀rín pa Hameedah títí híjáàbù fi yẹ̀ lórí ẹ̀. Alàájì jókòó, ó tún agbádá ṣe, ó na ọwọ́.

"Ó dáa, a ti rà á. Ènì wa dà?"